Ṣé àdìrẹ gidi kì í tú àwọ̀? Fún ẹni tó ń lọ Ìtòkú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mò ń bọ̀ wálé láti London lóṣù Kejìlá, a fẹ́ gun òkè Olúmọ, ká wá yà sí ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ra àdìrẹ. Wọ́n ní kí n rẹ háńkáṣíìfù funfun lómi, kí n fi nu aṣọ, tó bá ti lè tú àwọ̀, fèrú ni. Wọ́n tún ní tí n bá rẹ ẹ́ sómi iyọ̀ kò ní ṣí mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ káàbọ̀ o, àbúrò mi. Gbogbo Kejìlá ni ọ̀rọ̀ háńkáṣíìfù yìí máa ń dé, ó ti ń sú mi. Ẹni tó kọ́ yín ní nǹkan yẹn fẹ́ kẹ́ ẹ fi àdìrẹ gidi sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sanwó ayédèrú ni.

Aró èlú, ìyẹn èyí tí wọ́n ń ti ara ewé ṣe, kì í wọnú òwú tán, ara òwú ló ń lẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yí mọ́ ọrùn àti apá ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ṣé ẹ ti rí ọwọ́ ìyá aláró rí ni? Ẹ fi háńkáṣíìfù tútù nu ẹlẹ́kọ tuntun, ìyẹn àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya bátànì sí, á tú, kò sí àní-àní. Èyí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tú rárá, ẹ lè rí i pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ jáde lókè òkun, wọ́n kàn wá gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ni.

Kàńpálà tiẹ̀ tún yàtọ̀, àbẹ́là yíyọ́ àti fóòmù ni wọ́n fi ń lu bátànì sí i, kẹ́míkà bíi kọ́sítíìkì sódà àti haidirọ́ọ̀sì sì wà nínú aró ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣàn án dáadáa kì í tú púpọ̀, tí aláró bá ń kánjú torí ọdún, á tú, iṣẹ́ ọwọ́ náà ṣì ni. Háńkáṣíìfù yín ò lè sọ ju bóyá wọ́n ṣan aṣọ yẹn lọ. Kì í sì í ṣe òní ni ìjà "èwo ni gidi" bẹ̀rẹ̀ o, lọ́dún 1936 àwọn aláró Abẹ́òkúta bá Aláké Ladapo Ademola fà á gan-an torí òfin tó ní kí wọ́n má lo sódà àti aró òyìnbó.

Ohun tí mo máa ń wò? Mo máa ń ní kí wọ́n tú yáàdì márààrún sílẹ̀ pátá. Tí àbààwọ́n kékeré kan bá ń padà wá níbi kan náà, ìwọ̀n kan náà, ẹ̀rọ nìyẹn, torí ọwọ́ èèyàn kì í ṣàṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò: ti ẹ̀rọ, àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ sábà máa ń ṣá ju ti iwájú lọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kọ, ojú kan ni wọ́n ń kun ẹ̀kọ sí, ẹ̀yìn ẹ̀ lè dúdú ju iwájú lọ, ẹ má sọ pé fèrú ni kí wọ́n má bàa bú yín. Oníko, èyí tí wọ́n fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, ní tiẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti so ó máa ń hunjọ.

Iyọ̀? Inú ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí. Aró tó bá fẹ́ tú á tú. Ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ lómi tútù, kò gbọdọ̀ rí bílíìṣì, ẹ sá a síbòòji. Tí ara yín bá máa ń yún, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, mi ò lè búra fún aṣọ tí mi ò fọwọ́ kàn. Tẹ́ ẹ bá sì yà síbi tí wọ́n ti ń pa aró, ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú, sódà yẹn ń jó èèyàn.



Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó ná an. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, tí wọ́n bá ń fi aṣọ hàn yín lábẹ́ gílóòbù nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n gbé e síta kẹ́ ẹ wò ó lójú oòrùn.