Oúnjẹ sugar glider: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oyin nìkan kò tó

Ẹ̀yin arákùnrin wa tí ẹ béèrè ìdí tí ọ̀kan nínú sugar glider méjì yín, ẹranko kékeré tí ń rábàbà láti igi dé igi, fi ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀, nígbà tí ápù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oyin kò wọ́n nínú àwo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tí ó mọ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, lónìí yìí tí ó bá ṣeé ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sìn wọ́n níhìn-ín ní Texas, irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí mi. Èso nìkan ni ẹni tí ó ta méjì àkọ́kọ́ fún mi fi ń bọ́ wọn, èyí tí ó jẹ́ abo kò sì lè gun ẹ̀ka mọ́ nígbà tí mo gbé e délé. Dókítà fi X-ray wo egungun rẹ̀, ó ti fẹ́lẹ́ nítorí àìtó kálísíọ̀mù, èròjà tí ń mú egungun le. Ó gbádùn, ṣùgbọ́n owó tí mo ná ju iye tí mo rà á lọ fíìfíì.

Ohun tí ẹranko yìí ń jẹ nínú igbó Ọsirélíà ni ó yẹ kí a wò. Kò sábà wúwo ju gíráàmù 150 lọ, inú àpò ikùn ni ó ń gbé ọmọ rẹ̀ sí bíi kangarúù, inú ihò igi sì ni òun àti ẹbí rẹ̀ ń sùn sí lọ́sàn-án. Alẹ́ ni ó ń jáde, tí yóò na awọ tí ó so ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì rábàbà láti orí igi kan sí òmíràn. Kì í ṣe èso ni ó ń wá kiri. Ìwádìí tí onímọ̀ nípa ẹranko kan, Andrew Smith, tẹ̀ jáde ní 1982 láti ìpínlẹ̀ Victoria níbẹ̀ fi hàn pé oje igi acacia tí ó ti dì àti omi ara igi eucalyptus ni wọ́n gbára lé nígbà òtútù tí kòkòrò ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru, àfòpiná, ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn àti ìdin tí ń jẹ ewé ni wọ́n ń lé. Bí igi bá tanná, wọ́n á lá oje òdòdó, wọ́n á sì jẹ ìyẹ̀fun rẹ̀.

Eyín iwájú ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn, òun ni ó fi ń ha èèpo igi kí oje lè sun, yóò sì tún padà wá síbi tí ó ti ha. Ìfun rẹ̀ ní àpò kan tí ó tóbi, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń bá a da oje dídì náà. Oje acacia ní kálísíọ̀mù nínú; phosphorus, èròjà mìíràn, ni ó pọ̀ jù nínú kòkòrò. Bí phosphorus bá borí, ara a máa fa kálísíọ̀mù yọ láti inú egungun, bí ó ti rí fún sugar glider tí ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwo òfìfo tàn yín. Nígbà tí tèmi bá ń jẹ ápù, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, á rún un, á mu omi rẹ̀, á sì tu háhá rẹ̀ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ. Ẹ wo abẹ́ àgò yín, háhá ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ìrẹ̀ ni kì í fi ṣòfò: orí ni ó kọ́kọ́ ń gé jẹ, ìyẹ́ àti itan gbígbẹ nìkan ni ó ń ṣẹ́kù.

Ní tèmi, mo máa ń fún wọn ní àdàlù tí a ń pè ní Leadbeater, èyí tí a fi omi gbígbóná, oyin, ẹyin bíbọ̀, oúnjẹ ọmọdé tí ó kún fún purotéènì àti èròjà fítámì ṣe. Mo ń wọ́n ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù sórí ìrẹ̀. Mo sì ń po oje acacia, irú èyí tí wọ́n ń kó láti òkè ọya wa, kí ó ki, kí n tó fi dí ihò tí mo lu sára ẹ̀ka lókè àgò. Ó ń gba àkókò wọn ju àwo lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ara tí a dá fún híha igi kì í fẹ́ jókòó ti àwo. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa gbé oúnjẹ sílẹ̀.

Ẹ fi oúnjẹ tuntun kún ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má baà kọ̀ ọ́. Kí ẹ sì gbé èkejì náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, bí ó tilẹ̀ ń fò káàkiri, nítorí àwo kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹ.