Gbèsè mi àti nọ́ńbà àwọn ẹlòmíràn

Okun o, àbúrò. O ní ní abúlé yín ní Ìjùmú, kò sí ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ sè lálẹ́ àná, àṣírí wo ni àwọn èèyàn wá ń dáàbò bò lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ní kí o má gba áàpù tó fẹ́ yá ọ lówó? Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ ní 2021, ojú mi sì rí nǹkan.

Ìsánlú ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá wúkọ́ lóru, gbogbo ilé á gbọ́. Síbẹ̀, ìyá mi jẹ gbèsè lọ́dún kan tí iṣu ò ta, àwa ọmọ márààrún ò sì mọ̀ títí ó fi san án tán. Ìdájí ni obìnrin tó yá a lówó máa ń wá, kí àwọn èèyàn tó jí lọ oko. Á pe bàbá àgbà wa sí ẹ̀yìnkùlé, wọn á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Ó mọ̀ pé òun àti ìyá mi ṣì máa pàdé lọ́jà, wọn á sì tún jọ jókòó níbi ìnáwó. Àwọn tó mọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń bá a bò ó.

Kábà ni mo ti ń ta gàrí àti èlùbọ́. Mo fẹ́ fi 15,000 náírà kún owó ọjà. Áàpù náà béèrè bóyá kí òun wo àwọn nọ́ńbà inú fóònù mi, n ò tilẹ̀ kà á, mo tẹ “Allow”. 10,500 ló wọlé, 15,000 ni wọ́n ní kí n dá padà lẹ́yìn ọjọ́ méje. Òjò ba èlùbọ́ mi jẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n ti fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí àwọn nọ́ńbà inú fóònù mi pé olè ni mí. Ìyá ọkọ mi gbà á. Katikísì wa gbà á. Àwọn oníbàárà mi ní Lọ́kọ́ja gbà á, àwọn kan nínú wọn ò sì rajà lọ́wọ́ mi mọ́ títí dòní.

Bàbá mi ti kú ní 2017, n ò sì lè yọ nọ́ńbà wọn kúrò nínú fóònù. Ilé iṣẹ́ fóònù ti gbé láìnì náà fún ẹlòmíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn fóònù mi dún, mo rí “Bàbá mi” lójú rẹ̀, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. Ọkùnrin kan tí n ò mọ̀ rí ló ń béèrè pé ta ni mí, kí ló kan òun nínú owó tí mo jí.

Mo pa áàpù náà rẹ́ lóru ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ò dáwọ́ dúró. Ọmọ kan tó ń tún fóònù ṣe ló là mí lóye: látìgbà tí mo ti tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ti da gbogbo nọ́ńbà kọ sínú kọ̀ǹpútà tiwọn. Wọ́n ti kó iṣu lọ tán kí n tó ti abà. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, àbúrò. Gbèsè jẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó lé ní irinwó tí mo fà lé wọn lọ́wọ́, ti ẹlòmíràn ni, n ò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Bí mo bá fẹnu tú àṣírí ènìyàn nílé, mo mọ ẹni tí mo sọ ọ́ fún, mo sì lè lọ bẹ̀ ẹ́. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀ níbí? Ojoojúmọ́ ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè mí ń yí padà.

Nǹkan ti yàtọ̀ díẹ̀. Láti 31 oṣù karùn-ún 2023, Google ò gbà kí áàpù ẹ̀yáwó tó wà lórí Play Store, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù lọ́dọ̀ wọn, wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò ẹni mọ́. Ọdún náà ni òfin ààbò dátà Nàìjíríà jáde, o sì lè fi í béèrè pé kí wọ́n pa ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ rẹ́. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní orúkọ àwọn ayánilówó tí wọ́n fọwọ́ sí lórí ìkànnì wọn, wá ti ẹni tó fẹ́ yá ọ lówó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp yìí ò gba ẹnu ọ̀nà Play Store kọjá. Má fọwọ́ kàn án.

Tí o bá ti gbé e sórí fóònù, wọ Settings lálẹ́ yìí, lọ sí Apps, kí o wo Permissions. Níbi tí ó bá ti kọ Contacts, pa á.

Mo ti san owó yẹn. Mo lọ bá ìyá ọkọ mi ní Ẹ̀gbẹ̀, mo kúnlẹ̀, wọ́n dárí jì mí. Nọ́ńbà bàbá mi ò sí nínú fóònù mọ́. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn Bíbélì mi.