Ọmọ mi kò fẹ́ pa ẹgbẹ́ manga jẹ ní ilé ìkàwé: ìbéèrè ìyá kan àti èsì rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Maryland ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 12, kì í pa ẹgbẹ́ manga tí ilé ìkàwé ìjọba ń ṣe ládùúgbò wa jẹ. Manga yìí, ìwé ìtàn alàwòrán ti àwọn ará Japan, ni ó ń kó wálé, ó ń kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń kíni lédè Japan nígbà tí kò lè sọ gbólóhùn méjì fún ìyá mi lórí fóònù. Ọkọ mi ní kí n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti dàgbà, kí ni ẹ ṣe?

Èsì: Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni èmi náà, Kánádà ni a fi ṣe ilé. Ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ sì bá mi bẹ ọkọ yín.

Kíkà láti ẹ̀yìn kò bá ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé náà ní Japan nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, àwọn atẹ̀wé elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí àwòrán rẹ̀ padà bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí, tí jagunjagun tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún mú idà yóò fi di ọlọ́wọ́ òsì. Ní 2002 ni ilé iṣẹ́ Tokyopop bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe yà á, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ìwé alàwòrán kì í ṣe ìwé, ẹ rán an létí Atọ́ka, tí àwọn òbí wa ń yá lọ́wọ́ ara wọn, tí ó jẹ́ fọ́tò àwọn òṣèré àti ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi kò jókòó pẹ́ ní kíláàsì, Atọ́ka ni ó fi mọ̀wé kà dáadáa. Ẹ tún ro ti owó: ìtàn manga One Piece nìkan, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ti lé ní ìdìpọ̀ 100. Ta ni yóò rà á tán nínú wa bí kò bá sí ilé ìkàwé?

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìwé alàwòrán ni ó wà fún ọmọdé. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé. VIZ Media, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ manga ní Gẹ̀ẹ́sì, máa ń kọ T sí ti ọmọ ọdún 13 sókè, T+ sí ti 16, àti M sí ti 18. Ẹ má ṣe retí pé òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni yóò bá yín dá ọmọ dúró, nítorí pé ìlànà àjọ àwọn ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà ni pé òbí ni ó ni irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn títí di òní kò sí nínú ìwé kankan tí ọmọ mi yá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13, ilé ìkàwé pe ayàwòrán kan wá kọ́ wọn bí a ṣe ń pín ojú ewé sí àpótí àpótí, bí a ṣe ń fi pẹ́ńsù fà á kí a tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́, àti ibi tí ó yẹ kí ìyípo funfun tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sí wà kí ojú òǹkàwé má baà ṣìnà. Wọ́n ní kí olúkúlùkù ya ìtàn nípa ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀. Ọmọ mi ya ìyá mi.

A ti mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ọdún tí ó ṣáájú, kò sì gbàgbé nǹkan kan. Ó ya ère ẹja méjì tí àlejò ń rí nínú ìlú. Ó ya ọjà ẹja Olúwo, ó ya ọ̀bọ̀kún yíyan tí wọ́n ká ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu, ó ya bí ìyá mi ṣe ń fi etí ìró nu ọwọ́ kí ó tó gba owó, àní ó ya àpá kan ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí èmi tí ó bí kò tíì kíyè sí rí. Àwọn oníbàárà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìyípo tiwọn. Ọmọ mi náà ń sọ̀rọ̀ nínú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìyípo tí ó wà lẹ́nu ìyá mi, ìlà kékeré wíwọ́ tí kò jọ lẹ́tà kankan ni ó fà sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọjọ́ ìparí. Gbogbo òbí ń yìn ín, ayàwòrán náà sì sọ pé ọgbọ́n ńlá ni, pé ó jẹ́ kí òǹkàwé mọ bí ó ṣe ń rí lára ẹni tí ó jókòó ti ẹni tí ó fẹ́ràn, tí kò sì gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀ nínú yàrá náà ohun tí ìyá mi ń sọ lọ́jà: pé ó ń ṣàdúrà kí ajé wọgbá, pé ó ń fi ẹ̀rín bá ẹni tí ó bá dá owó burúkú jà, àti pé ní gbogbo ọjọ́ tí ọmọ yẹn fi jókòó tì í, oríkì rẹ̀ ni ó ń kì lójú gbogbo ayé. Mo bi í nínú ọkọ̀ pé kí ló dé tí kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ó ní òun máa ń béèrè, pé nígbàkígbà tí òun bá béèrè ohun tí màmá sọ, èsì mi ni pé, “Wọ́n ń kí ẹ ni.”

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá sọ fún mi pé a kò bìkítà. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nígbà yẹn, bàbá wọn sì wà lẹ́nu ọkọ̀ wíwà. Ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ bá wà ní ilé ìkàwé, mo mọ̀ pé ó wà níbi tí ó móoru, tí àgbàlagbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a kò sì san kọ́bọ̀. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni wọ́n ní kí a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i nílé kí ó lè bá ẹgbẹ́ mu, a sì gbà wọ́n gbọ́, nítorí pé olùkọ́ ni wọ́n. Kì í ṣe manga ni ó gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀. Kí ó tó mọ ohun tí ń jẹ́ manga ni Yorùbá ti lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má ṣe yọ tiyín kúrò, nítorí pé ibẹ̀ ni tèmi ti rí ibi tí ó lè fi ìyá ìyá rẹ̀ sí.

Ohun tí mo rò pé ó lè ṣiṣẹ́ ni pé kí màmá yín sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nínú ìtàn náà, kí ẹ gbà á sílẹ̀ lórí WhatsApp, kí ọmọ gbọ́ ọ títí yóò fi lè kọ ọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìyípo lórí bébà, nítorí náà àmì ohùn kò ní fún un ní wàhálà bíi ti kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí Yorùbá wà nínú ìyípo, kí Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ àpótí. Bí ẹ ó ṣe rí i ṣe pẹ̀lú ọmọ ọdún 12 tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ dá sí ẹgbẹ́ òun, mi ò lè kọ́ yín, nítorí pé tèmi ti di ọmọ ọdún 19, kò sì ya àwòrán mọ́.

Ẹ bi òṣìṣẹ́ tí ó ń darí ẹgbẹ́ náà ní ìgbà tí wọn yóò máa ya ìtàn tiwọn. Bí ó bá ti dá ọjọ́ fún yín, ẹ pe Ẹ̀pẹ́ kí ọmọ tó fa ìlà kankan, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.