Ṣé Kí N Ra Fọ́lówà? Ìdáhùn fún Oníṣẹ́ Awọ Kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi awọ rán báàgì, pọ́ọ̀sì àti bẹ́líìtì, ọwọ́ ni mo fi ń rán gbogbo wọn. Ó ti pé ọdún kan tí mo ti wà lórí Instagram, àmọ́ igba èèyàn péré ló ń tẹ̀lé mi, ọjà ò sì tà. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé òun máa fi fọ́lówà 10,000 kún un láàárín ọjọ́ méjì, pé kí n ṣáà fún òun ní páásíwọ́ọ̀dù mi. Ó ní kò sí oníbàárà tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí fọ́lówà rẹ̀ kéré. Ṣé kí n gbà? Aago mélòó ló sì dáa jù láti máa gbé fọ́tò síbẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ má gbà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fún un ní páásíwọ́ọ̀dù yẹn, ẹ má ka èsì yìí síwájú mọ́ ná. Ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tan ètò tó máa ń béèrè kóòdù kejì lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ tó padà wá.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lóṣù yìí tí wọ́n á bi mí ní ìbéèrè yìí. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá fọ́tò òun dáa. Iye fọ́lówà ni gbogbo wọn ń bi mí.

Ẹ ní ọjà ò tà torí pé igba èèyàn péré ló ń tẹ̀lé yín. Ta ló sọ fún yín pé torí ẹ̀ ni? Ẹni tó ń ta fọ́lówà ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà sì gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ rán báàgì, mélòó lẹ lè rán tán lóṣù kan? Ká ní mẹ́jọ ni. Èèyàn mẹ́jọ tó fẹ́ rà lẹ ń wá nìyẹn. Ẹgbàárùn-ún èèyàn tí ò fẹ́ rà ò lè ṣe ohun tí èèyàn mẹ́jọ yẹn máa ṣe fún yín.

Àwọn kan á ní, “Ó dáa, tí ò bá ṣe mí lóore, kò kúkú ní ṣe mí ní ibi.” Ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń bínú, torí pé ibi ló ń ṣe.

Nígbà tí Instagram bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 2010, bí fọ́tò bá ṣe ń wọlé ni wọ́n ń tò ó: tuntun lókè, ti tẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n pa ìyẹn tì. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ nígbà yẹn pé nínú ohun 100 tó yẹ kéèyàn rí, nǹkan bí 70 ni kì í rí. Ni wọ́n bá ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣa èyí tó jọ pé oníkálùkù máa fẹ́ràn, kó gbé e sókè fún un. Ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣà á yìí ni àwọn èèyàn ń pè ní algorithm. Wọ́n máa ń dárúkọ rẹ̀ bíi pé iwin kan ni, àmọ́ ìṣirò lásán ni. Kì í tiẹ̀ ṣe ẹyọ kan.

Adam Mosseri tó jẹ́ olórí Instagram ṣàlàyé ní 2021 ohun tí ìṣirò yẹn ń wá lójú ìwé àkọ́kọ́. Ó ń wò ó bóyá ẹni náà máa dúró wo fọ́tò yìí fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bóyá ó máa sọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bóyá ó máa tẹ láìkì. Bóyá ó máa fi í pamọ́. Bóyá ó máa tẹ àwòrán ẹni tó gbé e wá láti lọ wo ohun mìíràn tó ní. Ẹ tún márààrún wò dáadáa. Ojú àti ìka èèyàn gidi ni wọ́n ń fi ṣe gbogbo wọn. Àmọ́ àkáǹtì ayédèrú tí kò séèyàn nídìí rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tà fún èèyàn ní fọ́lówà. Irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ò lójú, kò sì ní ìka.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tiwa náà. Ká ní nínú igba tí ẹ ní, 40 ló máa ń tẹ láìkì tàbí kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹnì kan nínú márùn-ún nìyẹn, ó dáa gan-an. Ẹ wá ra 10,000 kún un. Àwọn 40 yẹn ṣì ni, àmọ́ wọ́n ti di 40 nínú 10,200. Ẹnì kan nínú 255! Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà, ì báà jẹ́ oníbàárà tí ojú rẹ̀ là, á rò pé iṣẹ́ yín ò wu ẹnikẹ́ni. Ẹ fowó ara yín ba ara yín lórúkọ jẹ́.

Mo ní oníbàárà kan tó ń fi amọ̀ mọ ife àti àwo. Kó tó wá bá mi, ó ti ra fọ́lówà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló ń tẹ̀lé e, àmọ́ tó bá gbé ife tuntun sójútáyé, láìkì mọ́kànlá, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àbúrò rẹ̀ tó ní àkáǹtì méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la jókòó tí a ń yọ wọ́n. Ọwọ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Kò sì dájú pé ohun tí ẹ rà máa dúró. Lóṣù kejìlá ọdún 2014, Instagram pa àkáǹtì ayédèrú rẹpẹtẹ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, iye fọ́lówà àwọn gbajúmọ̀ sì já wálẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ní 2018, wọ́n ní àwọn máa yọ láìkì àti fọ́lówà tí àwọn áàpù àjèjì bá fi páásíwọ́ọ̀dù èèyàn kó wọlé. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba gbé Devumi, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta fọ́lówà, lọ sílé ẹjọ́ ní 2019. Láti 2024 sì ni òfin ti wà níbẹ̀ tó ka títa fọ́lówà ayédèrú àti rírà á láti fi tan oníbàárà léèwọ̀. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò o, òfin ibi tí ẹ ń gbé sì lè yàtọ̀. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ìlànà Instagram fúnra rẹ̀ ò fàyè gbà á níbikíbi. Wọ́n lè ti àkáǹtì yín, gbogbo orúkọ tí ẹ ti fi ọdún kan ní á sì lọ.

Mo ti yọjú wo ojú ìwé yín. Iṣẹ́ yín dáa, mi ò pọ́n yín. Abẹ́rẹ́ yín ń rìn tààrà. Fọ́tò yín ló ń ṣe é níkà. Iná gílóòbù lẹ fi ń yà á lálẹ́, ẹ tún wá tan flash lé e. Awọ pupa di dúdú, ibi kan ń dán bíi díńgí, ojú awọ fúnra rẹ̀ ò sì hàn mọ́. Ẹ gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lójú ọ̀sán, níbi tí oòrùn ò ti là wọlé. Ẹ pa gbogbo iná yàrá. Ẹ pa flash. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, torí ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú awọ àti ojú òwú hàn. Kí ẹ wá gbé páálí funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí òjìji má baà dúdú jù. Fóònù tí ẹ ní tó o. Ẹ ṣáà nu ojú kámẹ́rà rẹ̀.

Ẹ má fi fọ́tò kan ṣoṣo sílẹ̀. Ẹ kó bíi márùn-ún pọ̀: báàgì lódindi, báàgì lọ́wọ́ èèyàn ká lè mọ bó ṣe tóbi tó, ojú abẹ́rẹ́, inú rẹ̀, ìdè rẹ̀. Fídíò kékeré tí ọwọ́ yín ti ń fa òwú náà dáa.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí ẹ ń kọ sábẹ́ rẹ̀: “Ẹ wá gbọ́ iye rẹ̀ nínú DM,” ìyẹn ibi tí èèyàn ti ń kọ̀wé síra wọn níkọ̀kọ̀. Kí ló dé? Ẹni tó fẹ́ rà ń tijú láti béèrè, ó ti kọjá lọ. Ẹ kọ iye owó, bó ṣe gùn àti bó ṣe fẹ̀, irú awọ tó jẹ́, ọjọ́ tí ẹ máa fi rán an. Ẹ kọ “báàgì aláwọ” mọ́ orúkọ tó wà lókè ojú ìwé yín, torí pé orúkọ yẹn wà lára ohun tí Instagram máa ń wò tí èèyàn bá ń wá nǹkan. Ẹ má lẹ líǹkì mọ́ abẹ́ fọ́tò, kì í ṣeé tẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ sì ní ìwé tí nọ́ńbà gbogbo ẹni tó ti rajà lọ́wọ́ yín wà, tó bá ṣẹlẹ̀ pé àkáǹtì náà bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ní ti aago: kò sí aago kan tó dáa fún gbogbo ayé. Ẹ yí àkáǹtì yín sí ti oníṣòwò, ọ̀fẹ́ ni, ẹ á rí ibi tí wọ́n ń pè ní Insights. Ibẹ̀ ló máa ti sọ ọjọ́ àti wákàtí tí àwọn igba èèyàn yín máa ń wà lórí rẹ̀ fún yín. Tí ẹ bá ra 10,000 yẹn kún un, wákàtí tí àwọn tí kò sí láyé ń jí ló máa máa sọ fún yín.