Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ: ewé wo ni, báwo ló sì ṣe ń di ọṣẹ?

Ìbéèrè tó wá láti Ṣágámù rèé: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kúuṣẹ́ o. Òwe tó ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ, ewé wo gan-an ló ń bá wí? Obì ń pẹ́ nínú ewé lọ́jà wa níbí, ẹ̀kọ náà ń wà nínú ewé, síbẹ̀ ewé ọ̀hún kò di obì, kò di ẹ̀kọ. Kí ló dé tí ti ọṣẹ fi yàtọ̀?"

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ọṣẹ dúdú ni. Àwọn kan ní ewé tí oníṣègùn gún mọ́ ọṣẹ ni, ṣùgbọ́n mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ewé tí a gún ti di ọṣẹ kí wọ́n tó kó o kúrò nínú odó. Kí ló tún fẹ́ pẹ́ sí? Odidi ewé ló nílò ìpẹ́, ohun tó sì fà á wà lára bí Ọlọ́run ṣe dá ewé.

Ẹ mú ewé eéran tútù kan, ewé mọ́ínmọ́ín tí gbogbo wa mọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Thaumatococcus daniellii. Abẹ́ igi ńlá nínú igbó ló máa ń hù, níbi tí oòrùn kò pọ̀ sí, ìdí nìyẹn tó fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó lè gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá ráyè wọlé. Ẹ kán omi sí i lójú. Omi náà á ṣù roboto, á yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rá líle kan bí ìda ló bo ojú ewé. Òun ni kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ gbẹ, òun náà ni kì í jẹ́ kí tìta wọlé.

Lábẹ́ ọ̀rá yìí ni awọ ewé wà, lábẹ́ awọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní àwọ̀ ewé nínú. Ibẹ̀ ni ilé ìdáná igi. Omi ń ti inú ilẹ̀ wá, carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ń gba àwọn ihò tíntìntín wọlé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni iná. Ṣúgà ló ń jinná níbẹ̀, oxygen sì ń gba ihò kan náà jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ewé, ihò yìí pọ̀ lẹ́yìn ju ojú lọ. Àwọn iṣan tó ti àárín lọ sí etí ló ń gbé omi wọlé, tó ń kó ṣúgà lọ. Ojú ọ̀nà wọn náà ni ewé eéran máa ń gbà ya, torí náà ẹni tó mọ mọ́ínmọ́ín pọ́n kì í to ewé méjì sí ọ̀nà kan náà. Á dábùú èkejì lé àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wà á jò sínú ìkòkò.

Ó wá kan ọṣẹ. Omi eérú ni, eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ àdín. Oró tó máa ń ta ahọ́n nínú omi eérú ló já ọ̀rá àdín, tó sọ ọ́ di ọṣẹ. Ohun tó bo ojú ewé ńkọ́? Ọ̀rá lòun náà! Oró eérú tó ṣẹ́kù nínú ọṣẹ lè máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ṣe àdín. Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà má fi àsọdùn púpọ̀ sí i: díẹ̀ lára aṣọ òde ewé lè di ọṣẹ ní ti gidi. Àmọ́ ọṣẹ tó ti jinná kò lágbára bí omi eérú orí iná. pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí oró eérú ṣe lágbára tó, sábà máa ń tó nǹkan bí 9 sí 10, kò sì gbóná mọ́. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ pẹ́ nìyẹn. Bí ọ̀rá bá ti lọ, ohun tó lẹ sẹ́ẹ̀lì pọ̀ lè tú. Àwọ̀ ewé náà, tí kì í yọ́ nínú omi tẹ́lẹ̀, oró eérú lè gé ìrù ọlọ́ràá tó wà lára rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ mọ́ ọṣẹ.

Ẹ tú ọṣẹ tó ti pẹ́ nínú ewé wò. Ewé òde pátápátá ṣì gbẹ, ó ń dún. Èyí tó kan ọṣẹ ti dúdú, ó ti rọ̀, ìka lẹ ó fi nù ún pọ̀ mọ́ ọṣẹ. Iṣan nìkan ni kò gbà; àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ á ṣẹ́kù sára kànìnkànìn.

Obì kò ní oró eérú. Bí wọ́n bá ti bó o, tí wọ́n fọ̀ ọ́, inú agbọ̀n tí wọ́n tẹ́ ewé sí ni wọ́n ń kó o sí, kí ọ̀rinrin má bàa sá. Oṣù lè gorí oṣù, ewé á kàn gbẹ ni. Bí wọn ò bá pààrọ̀ rẹ̀, obì á gbẹ tẹ̀lé e. Bó bá sì tutù jù, á bu. Ẹ̀kọ ní tiẹ̀, ògì kíkan ni, ohun kíkan kì í jẹ ọ̀rá ewé, ìyẹn ni ẹ̀kọ fi ń bọ́ lára ewé láìlẹ̀. Àwọ̀ nìkan ni kíkan àti iná jọ ń bà jẹ́: ewé tó wọ ìkòkò mọ́ínmọ́ín ní tútù yọ̀yọ̀, pẹ̀lú àwọ̀ ewé gbígbẹ ló ń jáde, torí magnesium, èròjà kan tó wà nínú àwọ̀ rẹ̀, ti bọ́ sọnù.

Ibi tí wọ́n ti ń pa òwe náà pọ̀. Ọ̀gá á pa á fún ọmọṣẹ́ tí ara ń kán, ìyá á pa á fún ọmọ tó ń bá ọmọ ìta rìn. Ó bá àwọn Hausa oníṣòwò obì ní Sábó Ṣágámù mu, tí wọ́n ti bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ síbẹ̀. Ìyàwó tó wọlé lóṣù tó kọjá, ẹ má tíì pa á fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ọṣẹ inú láílọ́ọ̀nù ò wúlò. Ẹ fi ewé eéran tútù kan ṣoṣo pọ́n ẹ̀kúnwọ́ ọṣẹ dúdú, kí ẹ gbé e sínú agolo tí ẹ ò dé, lásìkò òjò. Ọṣẹ dúdú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, omi yẹn ló ń gbé oró eérú wọnú ewé. Lásìkò ọyẹ́, iṣẹ́ náà á falẹ̀ gan-an.