Alága lọ kọ́ṣẹ́ ìdarí, ó sì bọ̀ bó ṣe lọ

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kájú ni wá ní Ìjùmú. A dáwó, a rán alága, akọ̀wé àti akápò lọ sí Lọ́kọ́ja láti kọ́ nípa ìdarí. Wọ́n mú ìwé ẹ̀rí bọ̀. Síbẹ̀ alága nìkan ló ṣì ń bá àwọn tó ń ra kájú dúnàá dúrà, a kì í sì í gbọ́ ìṣirò owó. Ṣé ká tún rán wọn lọ ni, àbí ká yan ẹlòmíì?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó. Ẹ má tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Láti 1959 ni Donald Kirkpatrick, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé ohun mẹ́rin ló yẹ ká fi yẹ ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wò: ṣé ó dùn mọ́ àwọn tó lọ, ṣé wọ́n mọ nǹkan kún un, ṣé ìṣe wọn yí padà lẹ́nu iṣẹ́, ṣé iṣẹ́ náà wá ń so èso. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ni ní ìdarí kì í kọjá ti àkọ́kọ́. Wọ́n á pín fọ́ọ̀mù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, kálukú á kọ ọ́ pé ó dára, ó tán. Ó ń dùn mí, torí owó àgbẹ̀ ni.

Ẹni tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ kò tún níbòmíì tó máa padà sí ju àárín yín lọ. Tí òfin ẹgbẹ́ bá ṣì gbà á láyè láti dá nìkan sọ iye owó, ohun tó ti mọ́ ọn lára ló máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ́ ọ bíi pé òun nìkan ni ìdarí wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdarí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Kàbà kò jìnnà sí yín: Ọbaro, ọba ibẹ̀, ní àwọn olóyè Ọbadọfin àti Ọbajẹmu lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, kí kájú ọdún tó ń bọ̀ tó pọ́n, ẹ pinnu nípàdé pé ẹni mẹ́ta ni yóò máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kí méjì nínú wọn má jẹ́ olóyè ẹgbẹ́, kí obìnrin sì wà níbẹ̀. Ẹ kọ iye àpò, ìwọ̀n àti owó sínú ìwé kan, kẹ́ ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn títà kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó bi ara yín: kí la pinnu, kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló fà á, kí la ó yí padà? Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń ṣe irú ìjókòó yìí láti àwọn ọdún 1970. Ibí ló le jù fún wa, torí ọmọdé kì í fẹ́ já àgbà nírọ́ lójú àwùjọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ tó di òṣùwọ̀n mú kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí alága sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè, ẹ má bèèrè ẹni tó jẹ̀bi; ọmọ náà á lè fi ọ̀wọ̀ sọ òótọ́.

Tí alága bá kọ̀ láti mú ìwé náà wá títí kájú fi parí, nígbà náà kẹ́ ẹ pe ìpàdé gbogboògbò, kẹ́ ẹ sì yan ẹlòmíì.