Sílíkà mi ò gba aró wọnú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sílíkà (èròjà inú yanrìn àti gíláàsì) oníhò ni mò ń ṣe, TEOS (kẹ́míkà olómi tó ń di sílíkà) àti CTAB (irú ọṣẹ kan tó ń jẹ́ kí ihò wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀) ni mo fi ń ṣe é, ihò rẹ̀ ń jáde dáadáa, nánómítà (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) 3 báyìí, àmọ́ tí mo bá ti ègé rẹ̀ bọ omi aró, ẹ̀yìn nìkan ló ń gbà á, inú á ṣì funfun báláú. Wọ́n ní kí n fi ihò ńlá kún un, mo bu PEG (pólímà kan tó ń yọ́ nínú omi) sí i, kò yí padà, ó tún wá sán. Kí ni mo ṣe tí ò da?

Ìdáhùn: Kò burú tó bẹ́ẹ̀ jàre, ilé tó kún fún yàrá tí ò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ kọ́. Ihò nánómítà 3 yẹn ló ń jẹ́ kí gíráàmù 1 péré ní ojú tó lè tó mítà onígun mẹ́rin 1,000, ẹ má bà á jẹ́, àmọ́ aró tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ dé àárín á pẹ́ lọ́nà. Ọ̀nà tó fẹ̀ lẹ nílò, bíi míkírómítà 1 tàbí 2 (míkírómítà kan jẹ́ nánómítà 1,000), tó já láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì.

Àwọn kan máa ń to bíìdì polystyrene (irú ike kan) wẹ́wẹ́ jọ, wọ́n á da sílíkà sáàrin wọn, wọ́n á wá jó bíìdì kúrò. Ó rẹwà o, àmọ́ wàhálà ẹ̀ pọ̀ fún ègé tó nípọn.

PEG yẹn gan-an ló dáa, ọ̀nà tí onímọ̀ kẹ́míkà Kazuki Nakanishi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ là ní Kyoto, ní Japan, nìyẹn. Nǹkan méjì ló ń sáré pọ̀ nínú ìgò: PEG ń lẹ̀ mọ́ sílíkà, àwọn méjèèjì ń yà kúrò lára omi, bẹ́ẹ̀ sílíkà náà ń dì lọ. Tó bá tètè dì jù, kò ní ráyè yà, kò sí ihò ńlá nìyẹn. Tó bá sì pẹ́ jù, á di kóró kóró. Ibi tó ti ń yà lọ́wọ́ ló ti gbọ́dọ̀ dì.

Ẹ wo ìgò yín dáadáa. Á kọ́kọ́ mọ́ gaara, ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bíi mílíìkì sílẹ̀, ẹ tún kọ ìgbà tẹ́ ẹ dà á dẹ̀gbẹ́ tí ò ṣàn mọ́. Mo fura pé tiyín ti dì kó tó funfun. Ẹ dín ooru ẹ̀ kù, tàbí kẹ́ ẹ yí ìwọ̀n PEG padà díẹ̀, ẹ má yí méjèèjì pọ̀ o.

Ti sísán yẹn, bó ṣe ń gbẹ, omi tó kù ń fa ògiri ihò mọ́ra, ihò tó kéré jù ló sì ń fà jù. Èmi náà ti gbé ọ̀kan sínú ààrò nírọ̀lẹ́ rí, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti di èérún. Ẹ fi ethanol pààrọ̀ omi inú ẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ fi fóìlì bò ó, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu fóìlì náà níbi mélòó kan, ẹ wá gbàgbé ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jó CTAB àti PEG kúrò, ẹ máa fi dígírì Celsius 1 kún ooru iná ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí dé 550. Tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ tí inú ẹ̀ ṣì dúdú díẹ̀, kò tíì jó tán, ẹ dá a padà sínú iná.